Irin Tí Ohunkóhun Ò Lè Ha

Láyé ìjọba òyìnbó ni, nígbà tí títì Èkó sí Abẹ́òkúta ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, tí lọ́rì méjì bá pàdé, ọ̀kan á wọ igbó kí èkejì tó kọjá. Ní oríta Ṣàngó, níbi tí èèyàn ti ń yà wọ Ọ̀tà, ìyá aláàsè kan jókòó síwájú ilé rẹ̀ láàárín ìkòkò, ó ń fọ èéfín kúrò lára wọn. Ìyá Kùdírátù ni gbogbo ayé ń pè é. Lọ́rì tuntun kan dé, ó dúró, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Fàlílù lorúkọ tirẹ̀, ọmọ Èkó. Kò sí ohun tí kò mọ̀, kò sì sí ohun tó mọ̀ tí kì í sọ.

FÀLÍLÙ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá.

ÌYÁ: Òo, ọmọ mi. Kú ewu ọ̀nà.

FÀLÍLÙ: Àtòkèèrè ni mo ti ń rí ìkòkò yín tó ń kọ mànà. Mo ní, Fàlílù, ọwọ́ tí ò ń wá nìyẹn.

ÌYÁ: Ìkòkò tìẹ dà?

FÀLÍLÙ: Ìkòkò kẹ̀? Ẹ wo iwájú lọ́rì mi.

(Ìyá na ọrùn. Irin funfun gbọọrọ kan dábùú iwájú lọ́rì náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹrẹ̀ ti bò ó, funfun rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.)

ÌYÁ: Yéè! Ṣé inú odò lo gbà wá ni?

FÀLÍLÙ: Ẹrẹ̀ Agége ni, ti Ìjù ló gorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù, kò síhun tó ṣe é. Irin yẹn kì í ṣe irin lásán. Sìténlẹ́ẹ̀sì ni.

ÌYÁ: Orúkọ yìí mà gùn fún irin o.

FÀLÍLÙ: Gígùn orúkọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Òjò rọ̀ ọ́ títí, kò mọ̀. Òyìnbó ló ṣe é.

ÌYÁ: Àwọn alágbẹ̀dẹ wa níbí ò lè rọ irú ẹ̀ ni?

FÀLÍLÙ: Alágbẹ̀dẹ! Kí wọ́n máa lù ú títí di Iléyá tó ń bọ̀, òòlù ló máa bẹ̀bẹ̀. Ìyá, kò sí ohun tó lè ha irin yìí láyé. Àdá ò lè ha á. Òkúta ò lè ha á. Eyín ekùn gan-an ò lè ha á.

ÌYÁ: O rí ibi tí ekùn ti gé e jẹ?

FÀLÍLÙ: Wọ́n ti dán an wò nílùú òyìnbó.

ÌYÁ: Ekùn wà nílùú òyìnbó?



FÀLÍLÙ: Wọ́n kó o lọ láti ibí ni.

ÌYÁ: Kò burú. Ekùn náà rí ayé. Kí lo wá fẹ́ kí n bá ọ ṣe?

FÀLÍLÙ: Kí ẹ bá mi fọ irin yẹn, kó dán gbinrin. Òògùn ìdánrin tí mo máa ń lò ti gbẹ sínú agolo. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ń fọ ìkòkò bá mi fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ti ṣe tán, màá gbé ẹ̀yin àtìkòkò yín dé Itele.

ÌYÁ: N ò lọ sí Itele.

FÀLÍLÙ: Màá gbé yín lọ, màá tún gbé yín bọ̀.

(Ìyá rẹ́rìn-ín sínú. Ó gbé omi, ó bu eérú sínú igbá, ó mú àkísà, ó kọjú sí àárín irin náà, ó sì ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ nù ún. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ọwọ́ obìnrin yẹn dára. Kò pẹ́ tí àárín irin náà fi dà bíi dígí. Fàlílù jókòó sábẹ́ igi, ó kọ̀yìn sí oòrùn àti sí lọ́rì, ó mu omi tútù tí ìyá bù fún un.)

ÌYÁ: Lọ́rì tìẹ ni?

FÀLÍLÙ: Tèmi ni. Àní, ti Bàdírù, ọ̀gá mi ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló wà. Ó yá mi di ọ̀la. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣe irin funfun yẹn, kí n má padà síṣẹ́. Bí ọkùnrin yẹn bá jí láàárọ̀, kó tó kírun, ó ti fi ìka ra á.

ÌYÁ: Kí ló wá dé tí o fi ń kánjú báyìí?

FÀLÍLÙ: Ọ̀la ni mò ń lọ tọrọ ìyàwó. Ọ̀tà yín níbí náà ni.

ÌYÁ: Àlùhámúdù lílà! Ọmọ ta ni?

FÀLÍLÙ: Ọmọ Ìyá Àdìzát. Láti Agége ni mo ti ń bi èrò ọkọ̀, ẹni tó mọ ilé Ìyá Àdìzát l'Ọ̀tà, kò sí. Mo rò pé ẹ̀yin èèyàn Ọ̀tà mọ ara yín.

ÌYÁ: Àdìzát pọ̀ níbí bí iyanrìn. Irú èwo ni tìẹ?

FÀLÍLÙ: Há, ìyá! Ọmọ pupa, ó ga, èjí wà lẹ́nu ẹ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín báyìí, mo máa ń gbàgbé ibi tí mò ń wa ọkọ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀ ló ń gbé ní Èbúté-Mẹ́ta, Àǹtí Ràfátù. Iṣẹ́ ìránṣọ ló ń kọ́.

(Ọwọ́ ìyá dúró lórí irin. Kùdírátù ni àkọ́bí rẹ̀, orúkọ ọmọ yẹn ni wọ́n fi ń pè é láti ọgbọ̀n ọdún wá. Àdìzát ni àbíkẹ́yìn. Ràfátù tó wà ní Èbúté-Mẹ́ta, ọmú kan náà ni òun àti ìyá jọ mu. Ìyá tẹ ètè pọ̀ kí èjí tirẹ̀ má bàa yọ síta, ó tún mú àkísà.)

ÌYÁ: Ìyá ọmọ náà ńkọ́? O mọ̀ ọ́n?

FÀLÍLÙ: N ò rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

ÌYÁ: Báwo la ṣe ń mọ ẹni tí a ò rí?

FÀLÍLÙ: Ìyá ìyàwó ṣá ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àdìzát ti kìlọ̀ fún mi pé ìyá òun le. Ó ní ó ti lé ẹnì kan padà torí pé ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó. Ó tún lé òmíràn torí pé ó ní iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ẹ̀.

ÌYÁ: Irọ́ ni! Iyọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀!

FÀLÍLÙ: Ẹ̀hẹ́n?

ÌYÁ: Mo ní iyọ̀ ò pọ̀ lọ́jà mọ́.

FÀLÍLÙ: Òótọ́ ni, iyọ̀ ti wọ́n. Ẹ ṣáà gbọ́ mi. Èmi ò ní dàbí àwọn yẹn. Mo mọ ọgbọ́n tí mo máa ta.

ÌYÁ: Sọ fún mi, jọ̀ọ́. Ara mi ti wà lọ́nà.

FÀLÍLÙ: Màá gbé lọ́rì yìí dúró gan-an lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Oòrùn á kọlu irin, irin á kọlu ojú ìyá. Kó tó fọwọ́ nu ojú ẹ̀ tán, Bàdírù tó máa bá mi tọrọ ọmọ á ti sọ̀rọ̀, a ó ti gbàdúà, mo ti gbọ́mọ lọ. Ará oko ni, kò rírú ẹ̀ rí.

ÌYÁ: Ará oko.

FÀLÍLÙ: Ará oko pọ́ńbélé.

ÌYÁ: Ojú rẹ̀ á fọ́.

FÀLÍLÙ: Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìyá, ó dà bíi pé ọwọ́ yín falẹ̀. Eérú yìí ò yá. Kí lẹ fi ń fọ ìkòkò tó bá jóná wọnú?

ÌYÁ: Ewé eépín ni. (Ó mú un sókè.) Ewé tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi. Ṣùgbọ́n fọwọ́ kàn án wò ná, ara rẹ̀ rí bí ahọ́n ológbò. Ewé yìí ń jẹ nǹkan o.

FÀLÍLÙ: (Ó bú sẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.) Ewé! Mo ní eyín ekùn, ẹ̀ ń sọ tewé! Ẹ lò ó jàre.

ÌYÁ: Ìwọ lo sọ ọ́ o.

FÀLÍLÙ: Èmi Fàlílù ni mo sọ ọ́.

ÌYÁ: Kí n fọwọ́ jẹ́jẹ́ àbí kí n fagbára?

FÀLÍLÙ: Gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún yín! Ẹ ṣe é bíi pé ọ̀tá yín ni.

ÌYÁ: Ìyẹn ò ní ṣòro.

(Ìyá di gèlè rẹ̀ le. Ó da iyanrìn sórí ewé, ó lọ sí apá òsì irin náà, ó fi orúnkún kan lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Irin náà ń dún hàràhàrà.)

FÀLÍLÙ: Ariwo kí nìyẹn?

ÌYÁ: Irin rẹ ni. Inú ẹ̀ ń dùn.

FÀLÍLÙ: Ẹ jẹ́ kínú ẹ̀ túbọ̀ dùn!

ÌYÁ: (Ó ń fọ̀, ó ń mí hẹ́ẹ́hẹ́ẹ́.) Ará oko, àbí?

FÀLÍLÙ: Tí ò rọ́kọ̀ rí.

ÌYÁ: Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àbí?

FÀLÍLÙ: Ẹ bá ọ̀kan pàdé, ẹ bá gbogbo wọn pàdé.

ÌYÁ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá wo apá yìí, ó ti tán.

(Fàlílù dìde, ó gbọn aṣọ, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni ń lọ gba oyè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ìka. Àárín irin dán bíi dígí. Apá òsì, ilà ni, ìsàlẹ̀ ilà, ilà, òkè ilà, ilà.)

FÀLÍLÙ: Yéè! Mo gbé! Mo kú! Ìyá, kí lẹ ṣe yìí?

ÌYÁ: Mo fọ̀ ọ́.

FÀLÍLÙ: Ẹ fọ̀ ọ́ àbí ẹ kọ ebè sí i? Ó ku kí ẹ gbin iṣu!

ÌYÁ: Ṣebí o ní eyín ekùn ò lè ha á.

FÀLÍLÙ: Ekùn ni mo sọ! Mo sọ ewé ni?

ÌYÁ: Mo béèrè, o ní kí n lò ó. O tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

FÀLÍLÙ: Bàdírù á pa mí! Ìyàwó ti lọ, iṣẹ́ ti lọ! Ìwọ ìyá yìí, ṣé o mọ ohun tí o bà jẹ́?

ÌYÁ: Háà. Mo ti wá di ẹgbẹ́ ẹ báyìí?

FÀLÍLÙ: Ìwọ ló fọwọ́ fà á! O ò mọ ẹni tó jẹ́ àna mi nílùú yìí! Jẹ́ kí n débẹ̀, kí n fẹjọ́ rẹ sun Ìyá Àdìzát. Ṣé o gbọ́ pé obìnrin náà le?

ÌYÁ: Mo gbọ́. Ìwọ lo sọ fún mi.

FÀLÍLÙ: Ó máa tẹ̀lé mi wá síbí! Ó máa fi ẹnu tú ọ ká!

ÌYÁ: Kò ní lè wá.

FÀLÍLÙ: Kí ni ò ní jẹ́ kó lè wá?

ÌYÁ: Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń fọ ìkòkò, ó tún fọ lọ́rì mọ́ ọn.

(Ewúrẹ́ kan kọjá. Fàlílù kò lè wo ìyá lójú, ó gbé ojú sí àárín irin, níbi tó dán bíi dígí. Nínú irin náà, ẹnu kan ń rẹ́rìn-ín sí i látẹ̀yìn, èjí sì wà níbẹ̀. Èjí Àdìzát gẹ́lẹ́ ni. Fàlílù ò tún wo ibòmíì, ó ṣubú gbalaja sínú ẹrẹ̀ àti omi eérú, ó dọ̀bálẹ̀ tàyàtàyà.)

FÀLÍLÙ: Ìyá mi! Mo tọrọ gáfárà! Ẹ má bínú, mà!

ÌYÁ: Dìde.

FÀLÍLÙ: N ò ní dìde.

ÌYÁ: Aṣọ rẹ ń bà jẹ́.

FÀLÍLÙ: Kó bà jẹ́. Aṣọ kí ni? Ìyá Àdìzát ni mo béèrè, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Ìyá Kùdírátù ni!

ÌYÁ: Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá ọmọ, á béèrè orúkọ àkọ́bí. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí o mọ̀?

FÀLÍLÙ: N ò mọ nǹkan kan, mà. Òpè ni mí.

ÌYÁ: Dìde, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ irin rẹ tí mo bà jẹ́.

(Fàlílù fò dìde. Ẹrẹ̀ ń ro tótó lágbọ̀n rẹ̀.)

FÀLÍLÙ: Ta ló sọ pé ẹ bà á jẹ́?

ÌYÁ: Ìwọ ni. O ní mo kọ ebè.

FÀLÍLÙ: Ojú ló ń ṣe mí bàìbàì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó dáadáa ni. Ilà ni ẹ kọ fún un! Ẹ wò ó, àbàjà! Ó mà bójú ẹ̀ mu o. Kí lọ́rì kan máa kiri títì láìní ilà? Tó bá sọnù, ta ló máa mọ ilé tó ti wá?

ÌYÁ: Ó wù ọ́ nìyẹn?

FÀLÍLÙ: Ó wù mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

ÌYÁ: Bàdírù ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ṣé ó máa wu òun náà?

(Ẹ̀rín kúrò lójú Fàlílù. Ó fi ìka ra ilà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.)

FÀLÍLÙ: Ìyá, kí n má parọ́ fún yín. Ó lè lé mi lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n tó bá lé mi, lọ́rì mìíràn ń bẹ, ọ̀gá mìíràn náà ń bẹ. Àdìzát kan ṣoṣo ló wà. Tí ẹ bá lé mi, ibo ni mo tún fẹ́ gbà?

ÌYÁ: Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí o máa sọ láti ìgbà tí o ti dé tí ò ní ekùn nínú nìyẹn.

FÀLÍLÙ: Ẹ ṣé, mà.

ÌYÁ: Má tíì dúpẹ́. Láyé tiwa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ, á kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Ìwọ jókòó sábẹ́ igi, àna rẹ ń fọ lọ́rì fún ọ.

FÀLÍLÙ: Àsítágifírúláì! Ẹ fi oko hàn mí, kí n máa lọ báyìí.

ÌYÁ: N ò lóko. (Ó nawọ́ sí ìkòkò.) Oko mi nìyẹn.

(Fàlílù ká ṣòkòtò sórí orúnkún, ó jókòó sáàárín ìkòkò. Ẹni tí kò fọ abọ́ rí láyé rẹ̀ ń fọ ìkòkò aláàsè. Ìyá jókòó sábẹ́ igi, níbi tí Fàlílù jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó ń mu omi tútù.)

ÌYÁ: Eérú ni kí o fi fọ ìyẹn o, má fi ewé sí i. Mo fẹ́ràn ìkòkò yẹn.

FÀLÍLÙ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ: Ní ti Bàdírù, fi sílẹ̀ fún mi. Tó bá dé lọ́la, màá gbé oúnjẹ ka iwájú ẹ̀ kó tó yíjú sí lọ́rì. Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ mi kì í rántí ìjà.

FÀLÍLÙ: (Ẹnu rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.) Iyọ̀ ńkọ́, mà?

ÌYÁ: Kí lo wí?

FÀLÍLÙ: Mo ní iyọ̀ ò pọ̀ lọ́jà mọ́, mà.

(Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí Fàlílù fọ ìkòkò tó gbẹ̀yìn tán, ìyá dìde, ó mú ewé eépín tuntun, ó kọjú sí apá ọ̀tún irin náà. Fàlílù sáré dúró síwájú lọ́rì, ó na ọwọ́ méjèèjì.)

FÀLÍLÙ: Ìyá mi, ẹ dákun, kí lẹ tún fẹ́ ṣe?

ÌYÁ: Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

FÀLÍLÙ: Mà, ọ̀kan yẹn náà ti tó. Ó ti bójú ẹ̀ mu.

ÌYÁ: Ṣebí àbàjà lo pè é?

FÀLÍLÙ: Àbàjà ni, mà.

ÌYÁ: O ti rí ẹni tó kọ àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan rí? Bàdírù á rò pé ẹnì kan ló ha á. Tó bá pé méjì, á mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni.

(Fàlílù ronú sí i. Ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ náà lọ́gbọ́n nínú, èyí ló tiẹ̀ ń dùn ún jù. Ó gba ewé lọ́wọ́ ìyá.)

FÀLÍLÙ: Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Bí wọ́n bá máa lé mi, kó jẹ́ fún ohun tí mo ṣe.

(Ó kúnlẹ̀, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Hàràhàrà. Ní gbogbo ìgbà tí irin bá dún, Fàlílù ń pe orúkọ Bàdírù wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Ó dé ìdajì, ó dúró.)

FÀLÍLÙ: Ìyá, kí n tó bà á jẹ́ tán, mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Lọ́la, tí a bá dé, ṣé ẹ máa fún mi lọ́mọ?

(Ìyá gbé ìkòkò tó dán jù lérí. Ó kọjú sílé. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó fi èjí rẹ̀ hàn láìfi pamọ́.)

ÌYÁ: Fàlílù, ìwọ tí o mọ gbogbo nǹkan, ibo lo ti rí i tí wọ́n ti ń kọlà ìdílé fún ọmọ ọlọ́mọ?